Kẹ̀kẹ́ Dewey ní Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Ohun kan ṣoṣo ni Opal Stroud ní kí ọmọ òun ṣe fún òun kí òun tó kú. Kò ní kó kọ́lé fún òun, kò sì ní kó gbé òun padà sí Oklahoma níbi tí wọ́n ti bí òun. Ó ní kó bá òun wá kẹ̀kẹ́ Dewey rí, kó gbé e wá sí Downey, sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí òun wà, kí òun lè fọwọ́ kàn án. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣe ségesège débi pé dókítà ní kí wọ́n má fi ọdún ka ohun tó kù mọ́, kí wọ́n máa fi oṣù kà á.

Verlin, àkọ́bí rẹ̀, gbọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òun náà, ó fi ọgbọ̀n ọdún jó páìpù pọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ wà ní Fontana, gárééjì rẹ̀ sì mọ́ ju ibi ìdáná rẹ̀ lọ. Kò bi ìyá rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti wọ́. Àwọn ọkùnrin ìdílé Stroud kì í bèèrè ọ̀rọ̀. Ìyà lè wá jókòó tì wọ́n fún ogún ọdún, wọn ò ní bi í pé kí ló ń wá.

Dewey ni àbúrò Verlin, ọmọ tí kò lè fìdí kan ilẹ̀. Lọ́dún tí Verlin wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi ra kẹ̀kẹ́ BMX fún un, kẹ̀kẹ́ ìje gidi. Kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ń tò jáde bí ìgò ọtí o. Bàbá kan tó ń jẹ́ Tollefson ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ jó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú gárééjì rẹ̀, ọgọ́ta péré ló ṣe kí ojú rẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Ti Dewey ni ìkẹtàdínlógójì, nọ́ńbà rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí pẹ́dà. Gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n fi níkẹ́lì wẹ̀, ó ń dán bí ṣíbí tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan, Verlin gbé Dewey lé e, ó wò ó bó ṣe ń yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ ojú omi gbé Verlin lọ. Kò fojú kan kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́, kò sì fojú kan Dewey mọ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni àìsàn kan wọ ọmọ náà ní ọpọlọ, ọjọ́ mẹ́rin ló fi pa á. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Nígbà tí Verlin máa fi délé, koríko ti hù lórí sàréè. Bàbá wọn ti gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ẹnì kan tó ń kọjá lọ lójú títì, lọ́fẹ̀ẹ́, torí kò lè máa jí kó máa rí i lára ògiri. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò dárúkọ kẹ̀kẹ́ nínú ilé náà mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Opal ti mọ òwe yẹn ní èdè tirẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àwọn tó ń ṣa kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, torí ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun ni, ikùn wọn ti yọ, wọ́n lè ka nọ́ńbà ara irin kan sí yín létí láìwo ìwé, àmọ́ wọn ò rántí ọjọ́ ìbí ìyàwó wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní kí kẹ̀kẹ́ máa wà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀ àti ìfarapa rẹ̀. Àwọn kejì ní rárá o, kí a dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kí gbogbo irin ara rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kan náà. Wọ́n ń pe ìyẹn ní Ọjọ́ Kìn-ín-ní. Wọ́n lè fi gbogbo ọ̀sán Sátidé jà lé e lórí, kí wọ́n tún jọ lọ jẹ táko lẹ́yìn ẹ̀. Ẹlẹ́sìn Ọjọ́ Kìn-ín-ní ni Verlin, tọkàntara. Ṣé ẹ wá rí i? Ọjọ́ kìn-ín-ní kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ni òun fojú rí. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, lójú rẹ̀, àjèjì ló ṣe é.

Beto Arriaga ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá Dewey díje rí nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé. Ẹlẹ́sìn bó-ṣe-wà ni Beto, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ pẹtà débi pé ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Òun ló gbọ́ pé ẹnì kan rí kẹ̀kẹ́ Tollefson kan nínú ahéré tí wọ́n ń kó koríko sí lẹ́bàá Bakersfield. Àwọn méjèèjì jọ wakọ̀ lọ. Wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀dà dúdú, táyà rẹ̀ ti jẹrà, irin òkè rẹ̀, èyí tó dábùú láti ọrùn dé abẹ́ ìjókòó, sì tẹ̀ wọnú níbì kan, bí ibi tí èèyàn tẹ àtàǹpàkò bọ ìyẹ̀fun pípò. Verlin dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀. Ẹẹ́ta yọ. Ó tún ha díẹ̀ sí i, èje yọ. Ó jókòó sínú koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú ẹni tó ni ahéré, tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà ló pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Opal ní, "Gbé e wá lọ́la."

Verlin ní ó dọ̀tí, Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀.

"Bó ṣe wà yẹn náà ni kí o gbé e wá, Verlin."

Ẹ gbọ́ o. Ó sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, Verlin sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí méjèèjì. Àmọ́ ohun tó ń sọ nínú ọkàn ara rẹ̀ ni pé ojú ìyá òun ti fọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dà, ta ni yóò gbé irú àkísà irin báyìí fún ìyá tó ń kú lọ? Bí ẹni tí wọ́n bá ọmọ rẹ̀ tó sọnù rí nínú ẹrẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Ṣebí èèyàn á kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, á wọṣọ fún un, kó tó fà á lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni. N kò lè pè é ní nǹkan mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i.

Beto nìkan ló gbìyànjú láti dá a dúró. Nígbà tó rí i pé Verlin ń fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó tẹ̀ yẹn po, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ o. Kẹ̀kẹ́ lè di tuntun lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń jẹ́ ti àtilẹ̀wá. Ṣé o mọ ẹni tó ṣe é?"

"Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bakersfield ló ṣe é," Verlin fèsì. "Dewey ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí mo rà fún un."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi oògùn bó gbogbo ọ̀dà náà. Ibi tó tẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ tó ga jù, torí níkẹ́lì kì í bo àṣírí bí ọ̀dà ṣe ń bò ó. Bí èèyàn bá fi àmọ̀ dí i, yóò hàn. Idẹ ni Verlin yọ́ sí ojú ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dí eyín. Ó kọ́kọ́ fi fáìlì gbo etí ibi tó tẹ̀ náà kó lè ríbi gbá idẹ mú. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi fáìlì gbo idẹ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, tó ń fi pépà oníyanrìn họ ọ́, tó ń di ojú tó ń fi ìka wá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe ibì kan ṣoṣo tí kò tó àtàǹpàkò. Lọ́jọ́ tí ìka rẹ̀ ò mọ ibẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe Beto wá kó wá di ojú kó wá a. Beto wá a tì. Ó ní iṣẹ́ yẹn dára, ó dára púpọ̀.

Wọ́n wá fi níkẹ́lì wẹ kẹ̀kẹ́ náà ní Gardena. Ó tún ku họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, irin àárín tí àwọn sípókù ń tibẹ̀ jáde: èyí tí Verlin ní lọ́wọ́, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣe é, oṣù karùn-ún ni wọ́n sì ṣe ti kẹ̀kẹ́. Àbí ta ló máa mọ̀? Arúgbó afọ́jú ni yóò ka oṣù lára họ́ọ̀bù? Àmọ́ ẹ̀sìn lẹ̀sìn í jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi dúró de họ́ọ̀bù oṣù karùn-ún. Ní gbogbo Sunday, bí ìsìn orí rédíò bá ti parí, Opal á ní kí Marisela, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, tẹ fóònù fún òun. Á bi í pé, "Ṣé ó ti délẹ̀?" Verlin á ní ó kù díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ ó máa ń bú u pé iṣẹ́ rẹ̀ ti falẹ̀ jù, pé bàbá rẹ̀ ìbá ti ṣe é tán kó tó mu kọfí àárọ̀. Nígbà tó yá, kò bú u mọ́, torí èémí tí yóò fi bú u ò tó. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí nínú àwọn oṣù tí dókítà ní kí wọ́n máa kà.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Sunday ni Verlin gbé e lọ. Marisela ti ya irun ìyá náà, Opal ti wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣì ń lọ. Ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ òun, wọ́n sì fọ̀ ọ́. Verlin ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé, ó fi í ti ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń dán débi pé àwọn arúgbó tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ń na ọrùn.

Opal fọwọ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Ó wá gbé àtàǹpàkò lé irin òkè, ó fà á láti ọrùn títí dé abẹ́ ìjókòó. Ó fà á padà. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.

"Ta ló ni èyí?" ló bi í.

"Ti Dewey ni, Màmá."

"Kì í ṣe ti Dewey."

Verlin rẹ́rìn-ín, ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fa ìka ìyá rẹ̀ lọ sórí nọ́ńbà, ó ní ẹ gbọ́, ẹẹ́ta nìyí, èje nìyí, ìwé tí mo fi rà á ṣì wà lọ́wọ́ mi. Opal fa ìka rẹ̀ yọ.

"Nọ́ńbà kọ́ ni mo ní kí o gbé wá fún mi. Ibi tí mo lù dà?"

Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ́, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì, níwájú Marisela, pẹ̀lú èémí tó ń já lẹ́nu. Ó ní Sunday kan ni. Ìje wà, Dewey ní òun ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ti wọṣọ, òun ti dé fìlà, bàbá wọn ti ń fun fèrè ọkọ̀ níta. Inú bí òun, òun lọ mú òòlù bàbá wọn nínú àpótí, òun ní bí òun bá ba kẹ̀kẹ́ yẹn jẹ́, ọmọ òun á wá sílé Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀kan ni òun lù ú. Ó tẹ̀, kò kán. Dewey kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì ṣe ipò kẹta. Nígbà tó dé, ó fa òun lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ki àtàǹpàkò òun bọ ibi tó tẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ba ìka yín mu." Láti ọjọ́ náà, kó tó jáde nílé, á ti kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ibi ìdáná, á ní, "Màmá, ẹ wá tẹ̀ka o, kí n lè máa lọ."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́ fún un rí," Opal wí. "Màá kọ ẹ̀yìn sí i, màá máa ro ọbẹ̀ mi. Ìyá kì í bẹ ọmọ nílé wa. Mo ní ó ṣì ń bọ̀ wá dàgbà, á yé e. Verlin, níbo lo gbé e sí?"

Verlin jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó jáde sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó pe Beto. Ó bi í bóyá wọ́n lè fi iná yọ́ idẹ yẹn kúrò. Beto mọ̀ pé Verlin mọ èsì ìbéèrè ara rẹ̀. Idẹ lè yọ́, àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òòlù Opal fi sílẹ̀ mọ́, torí Verlin ti fi fáìlì gbo etí rẹ̀ lọ. Eruku irin ọ̀hún ti bá ìgbálẹ̀ lọ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Verlin ń retí kí Beto sọ pé ṣé mo sọ fún ọ àbí n kò sọ. Beto ò sọ ọ́. Ó kàn ní òun ń bọ̀ wá bá a jókòó, Verlin ní kó má wá.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ àbámọ̀ ti Verlin ní ẹsẹ̀, ó sì ní ọwọ́. Àwọn irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún, òòlù yẹn kan náà wà níbẹ̀, ó ti fi ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún láìmọ ohun tó ti ṣe rí. Ó mú àwọn àwòrán tó yà ní Bakersfield, ó wọn ibẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó gbé òòlù náà, lílù àkọ́kọ́ yọ̀. Ìkejì kò wọlé tó. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, níkẹ́lì sán, ó sì ń ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò dùn ún. Ohun tó ń rò ni pé bóyá ìka arúgbó ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Sunday tó tẹ̀ lé e, Opal ò lè jókòó mọ́. Wọ́n ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú. Verlin gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní, "Màmá, mo rí i. Ibẹ̀ nìyí." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tó jí ṣúgà lá.

Àtàǹpàkò ìyá náà rìn lórí irin, ó dé ibẹ̀, ó wọlé. Marisela bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Opal kò sunkún. Ó yí ìka rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó ń gún mi," ó ní.

Ó tún fi ìka wá etí ibẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo lù ú?"

Verlin fẹ́ parọ́. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni tèmi." Ó sinmi kí èémí rẹ̀ lè padà. "Mo fẹ́ tẹ̀ka fún ọmọ yẹn ni o. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ta ni kí n wá bẹ̀ báyìí?"

Verlin ní, ẹ dárí jì mí, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ò mọ̀ bóyá Opal gbọ́. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí tó fi rí i, ó mú àtàǹpàkò rẹ̀, ó kì í bọ ibi tó tẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.

"Tìrẹ nìyẹn," ó ní. "Máa gbé e lọ sílé."

Ọjọ́ Wẹsidé ló kú. Beto wá sí ìsìnkú, lẹ́yìn ẹ̀ ó tẹ̀ lé Verlin lọ sí gárééjì, ó rí kẹ̀kẹ́ tó fi kọ́ ògiri. Ó bi í bóyá kí àwọn tún un ṣe. Verlin ní rárá. Ó ní kí Beto gbé ọwọ́ síbẹ̀ wò, Beto gbé e síbẹ̀, ìka rẹ̀ ò wọ̀ ọ́. Verlin ti gbé tirẹ̀ síbẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó bá a mu rẹ́gí.